Fẹ̀yìntọlá Ti Fi Í Sílẹ̀

Ilé Fẹ̀yìntọlá,
Accokeek, Maryland,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, ọdún 2006.

Alimat, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Fi ohun tó ò ń ṣe sílẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà lò ń ṣà, gbé atẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwọ Basit tó ń ka ìwé yìí fún ìyá ẹ, dìde, lọ ti ilẹ̀kùn, kó o sì rẹ ohùn ẹ sílẹ̀, torí mo mọ àwọn ará ilé yín, etí wọn gùn ju ti ehoro lọ. Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó jókòó tì yín tó ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé, ẹ ní kó lọ bá yín ra iyọ̀ wá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè sọ ọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa.

Ẹ̀ẹ́ ti rí, Alimat, ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún ẹ ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kó o lè wólẹ̀ kírun? Bàbá Basit ńkọ́, ṣé ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ti ń ríran, àbí ó ṣì ń fi ṣe àwáwí kó má bàa rí iṣẹ́ ilé? Qonitah àti ọmọ tuntun ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọmọ náà jọ ọ́, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwà ẹ̀ jọ ti ẹlòmíì. Ẹ kú ooru, ẹ kú àìsí iná, ẹ kú ọdún Iléyá tí mi ò bá yín jẹ. Wọ́n ní àgbò yín sanra. Èmi níbí, adìyẹ inú firíìjì ni mo jẹ lọ́jọ́ náà, mo kàn ń rántí ẹ̀.

Èmi alára, ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkàn mi ni wọ́n já. Wọ́n já a lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ẹ̀ẹ̀kejì sì ju tàkọ́kọ́ lọ.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ n sọ ẹni tó ń bá mi kọ ìwé. Ọmọ́kẹ́mi ni, ọ̀rẹ́ Fẹ̀yìntọlá. Ọmọ Ìbàdàn ni òun náà, nọ́ọ̀sì ni àwọn méjèèjì, Laurel ló ń gbé, ọ̀nà ibẹ̀ jìn síbí. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má fi gẹ̀ẹ́sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó bi mí pé ṣé gbogbo ẹ̀ ni kí òun kọ. Mo ní gbogbo ẹ̀, títí kan èyí tó kàn án.

Ibi tí ọmọ ẹ mú mi wá yìí, Alimat, igbó ni. Nígbà tí wọ́n ní Amẹ́ríkà, mo rò pé ilé á fara kan ilé, èèyàn á máa kọjá. Ilé kan níhìn-ín, wàá wá rí igi, igi, igi, kó o tó tún rí òmíràn. Ẹni tí ò bá ní mọ́tò, ó ti wà lẹ́wọ̀n nìyẹn. Àgbọ̀nrín ló ń wọ inú ọgbà wá jẹ tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn lọ́dún tó kọjá, á máa wojú mi bí ẹni pé èmi ni mo wá jalè. Nígbà tí mi ò wá ní ibi tí mo lè lọ, ojú ni mo ń fi ṣiṣẹ́. O sì mọ ojú mi.

Láti ìgbà tí ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń wo Fẹ̀yìntọlá. Ọmọ tí mo bí ò lè yí padà kí n má mọ̀. Yìnyín wà nílẹ̀ níta, òun ń ṣí fèrèsé. A ó jókòó ti oúnjẹ, òógùn á kàn bò ó lójú, á fi etí aṣọ nu ọrùn, á bọ́ síta láìwọ ẹ̀wù òtútù, á lọ dúró sẹ́yìn ilé lọ́dọ̀ àwọn igi. Tó bá padà dé, á máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Inú fùfù wá dé. Ọkọ ẹ̀ ní iyọ̀ ọbẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ó gbé abọ́ kúrò níwájú ẹ̀. Ànúolúwapọ̀, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, pè é pé òun ò ní lè wálé lópin ọ̀sẹ̀, ó bú u títí, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wá bú sẹ́kún. Èmi ń rẹ́ ilá, mò ń wò ó.

Ó tún kù. Mo rí nǹkan kan lápá ẹ̀, ó rí pẹlẹbẹ bíi báńdéèjì, àwọ̀ ara. Mo ní kí nìyẹn, ó ní egbò kékeré ni. Ó dáa. Lọ́jọ́ kejì báńdéèjì ti kúrò lápá òsì, ó ti wà lápá ọ̀tún. Nígbà tó tún ṣe, ó ti gun èjìká. Alimat, egbò wo ló mọ̀ ọ́n rìn tó báyẹn?

Mo tún wo ilé ìwẹ̀. Nǹkan tí obìnrin ń lò lóṣooṣù, páálí ẹ̀ wà níbi tó wà láti ìgbà Kérésì, eruku ti bò ó. Fẹ̀yìntọlá ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, mo ní bóyá tiẹ̀ ti fẹ́ dá ni. Àmọ́ tó bá di àárọ̀, mo ń gbọ́ ọ tó ń bì. Òógùn, ìbínú, èébì, nǹkan oṣù tí kò wá. Ká ní ọmọge ni, o mọ ohun tí ìwọ àti èmi ì bá sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí gáréèjì lọ mú iṣu. Fẹ̀yìntọlá wà nínú mọ́tò ẹ̀, ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí sílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo fẹ́ pè é. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni kò jẹ́ kí n pè é. Ó ní:

“Mo ti fi í sílẹ̀. Àní mo ti fi í sílẹ̀ pátápátá. Àmọ́ kò rọrùn jàre. Láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà la ti jọ wà. Bí mo bá ti mu kọfí tán báyìí, òun ni ọkàn mi máa ń fẹ́.”

Ó tẹ́tí sí èsì ẹni tó wà lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ò dénú.

“Ìwọ gbọ́ ná. Lánàá tí mo ń jáde níbi iṣẹ́, mo rí i lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Ó kù díẹ̀ kí n já a gbà.”

Ó tún ní:

“Ọláolú kẹ̀? Kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó ti bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló ń rùn lára aṣọ mi, mo ní aláìsàn kan ni mo gbé. Rárá o, Màmá náà ò mọ̀. Bí Màmá bá gbọ́, wọ́n á kú.”

Mi ò kú. Mo gbé iṣu mi, mo rọra padà sínú ilé, mo gbé e sínú síǹkì, mo wá ń wò ó. Mi ò rántí ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe mọ́. Fẹ̀yìntọlá, ọmọ tí ìwọ gan-an wẹ̀, tó o fi epo pa lára lọ́jọ́ tí mo bí i. Ó ní ọkùnrin níta. Wọ́n ti jọ wà tipẹ́. Òórùn ẹ̀ ti wà lára aṣọ ẹ̀. Ọkùnrin náà tún wá wà lọ́wọ́ obìnrin mìíràn. Èébì àárọ̀ sì ń bẹ níbẹ̀. Mo to gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó bára mu bí ìdérí àti ìkòkò.

Ká ní gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò bá má gbọ́, ilé ì bá sì tòrò. Yorùbá tí mo gbọ́ ló kó mi sí ìyọnu.

Ọkọ ẹ̀, Ọláolú, o mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí wọ́n ṣe ìyàwó, ìwọ lo ní ọmọ náà tutù bí omi àmù. Ó ṣì tutù. Wọ́n ti fi í ṣe àgbà ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Láràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ilé ara ẹ̀ kó tó lọ ibi iṣẹ́, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ń ṣe báyìí sí. Àánú ẹ̀ wá ṣe mí, ẹnu àìmẹ́nu sì kó mi sí i. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó ń kó ẹ̀ka igi tó wó sínú ọgbà, mo lọ dúró tì í.

Mo ní, “Bàbá Ànú, ẹni tó lọ́gbà kó máa wo ọgbà ẹ̀ o. Ewúrẹ́ ti ń wọlé.”

Ó ní, “Ewúrẹ́ kẹ̀, Màmá? Àgbọ̀nrín ni. Mo máa ra wáyà, ẹ fọkàn balẹ̀.”

Mo ní, “Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mò ń wí.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àfi tí wọ́n bá ti ń kọ́ àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà láti máa fẹsẹ̀ méjì rìn. Ẹ̀rín náà ò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀ tán tó fi di nǹkan mìíràn. Ó gbé igi ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, kí lẹ rí?”

Mo ní mi ò rí nǹkan kan, ẹnu àgbà lásán ni. Mo wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé yí padà. Ọláolú kó ìrọ̀rí lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, pé ibùsùn ibẹ̀ le, ó dáa fún ẹ̀yìn. Kò bínú, kò pariwo. Tí Fẹ̀yìntọlá bá mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, á kàn gbójú sókè wò ó. Oúnjẹ tó ń jẹ tán, ó wá ń jẹ ìlàjì. Fẹ̀yìntọlá náà ò mọ ohun tó ṣe é, tirẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀. Èmi tí mo mọ̀, mo wà láàárín.

Lánàá, ọjọ́ Ẹtì, èmi àti Fẹ̀yìntọlá nìkan la wà nílé. Ó ń fọ abọ́. Mo wọ ilé ìdáná lọ bá a. Alimat, mo yọ ọmú mi síta, ti ọ̀tún, èyí tó mu jù, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Àwo bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ sínú omi. Amẹ́ríkà ò tíì mú u gbàgbé ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó la ẹnu.

Mo ní, “Fẹ̀yìntọlá, mo fi ọmú tó o mu bẹ̀ ọ́. Fi í sílẹ̀.”

Ó ní, “Màmá, ta ló sọ fún yín?”

“Mo ní kó o fi í sílẹ̀.”

“Mo ti fi í sílẹ̀, mà. Ẹ gbé ọmú yín wọlé, ẹ jọ̀ọ́.”

“Nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀?”

“Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí mò ń ṣiṣẹ́ òru ní Cheverly. Gbogbo wa la jọ ń ṣe é níbẹ̀. Wọ́n á ní ká jáde lọ sinmi díẹ̀, a ó sì lọ sẹ́yìn ọsibítù.”

“Gbogbo yín?”

“Gbogbo wa, mà. Ọmọ́kẹ́mi náà wà níbẹ̀.”

Mo ní, “Ìwọ àti Ọmọ́kẹ́mi? Ọ̀kan náà?”

Ó ní, “Nígbà míì, mà, tí kò bá sí tó, ọ̀kan náà la máa ń pín.”

Mo di síǹkì mú. Mo ní, “Ṣé ó níyàwó nílé?”

“Kí ló níyàwó, mà?”

“Ọkùnrin náà.”

“Ọkùnrin wo?”

“Èyí tí ìwọ àti Ọmọ́kẹ́mi jọ ń pín.”

Fẹ̀yìntọlá wò mí títí. Ó wá fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ bo ẹnu. Ó ní, “Màmá, sìgá ni.”

Mo ní, “Ṣé orúkọ ẹ̀ nìyẹn?”

“Sìgá, mà. Sìgá tí wọ́n ń mu.” Ó fi ìka méjì sétè, ó fẹ́ èéfín tí kò sí.

Ọmọ́kẹ́mi ń rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí yìí, bírò ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kó kọ ìyẹn náà. Òun ló wà lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Òun náà mu ún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti fi í sílẹ̀ ṣáájú Fẹ̀yìntọlá, òun ló ń fà á lọ́wọ́ báyìí.

Àmọ́ lánàá, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo ti jókòó kí n tó mọ̀ pé mo jókòó. Kí n má parọ́ fún ọ, Alimat, ó ṣe díẹ̀ tí mo ń wí nínú mi pé ọkùnrin ì bá sàn. Ọkùnrin, mo ti gbọ́ ọ rí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọkọ. Obìnrin tó bímọ, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ọ̀sì tó ń sọ fún aláìsàn pé kó má fa sìgá, kó wá máa fà á lẹ́yìn ọsibítù bíi kọ̀ndọ́kítọ̀, ta ni mo fẹ́ lọ bẹ̀ fún ìyẹn?

Mo ní, “Ta ló mu sìgá rí nínú ìran wa?”

Ó ní, “Ìyá Àgbà ńkọ́, mà? Ṣebí áásáà ò kúrò létè wọn.”

“Áásáà kì í rú èéfín.”

“Ó ń ba eyín jẹ́, mà.”

“Eyín ta ni? Eyín ìyá mi pé títí wọ́n fi lọ.”

“Mẹ́ta ni, Màmá.”

Ìwọ náà mọ̀ pé mẹ́ta ni.

Ó wá jókòó tì mí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣàlàyé. Ó ní nǹkan oṣù òun ló ti ń dá, kì í ṣe oyún, àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà ẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna, ló pè é jókòó, tó ní obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ bá ti ń dá, ohun tó ń dáàbò bo eegun ẹ̀ àti ọkàn ẹ̀ ti ń lọ nìyẹn, tó bá tún wá ń fa èéfín sí i, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ń ti ara ẹ̀ sí kòtò. Ó ní sìgá náà tún ń dá kún ooru yẹn. Báńdéèjì tó ń rìn kiri, oògùn ni, ó ń yọ́ wọ inú ara díẹ̀díẹ̀ kí ara má bàa pariwo tó bá ń wá sìgá. Kì í pẹ́ lójú kan torí á máa yún èèyàn. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ló le jù, òun ló ń mú kó bì. Wọ́n ti dín in kù fún un.

Alimat, wo ogun méjì tó ká ọmọ mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí òógùn bá dé, kò mọ̀ bóyá ara tó ń yí padà ni àbí sìgá ló ń pè é. Tí inú bá ń bí i, kò mọ èyí tó ń bínú nínú àwọn méjèèjì. Ó ní nígbà míì, ṣe ló dà bíi kí òun bọ́ awọ ara òun kọ́ sórí okùn.

Mo sọ fún un nípa ìgbà tí tèmi dá. Ṣé o rántí, tí mò ń sùn sórí sìmẹ́ńtì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó o ní kí n máa dìde kí ilẹ̀ tó mọ́ kí àwọn èèyàn má rò pé ọkọ mi lé mi síta? Fẹ̀yìntọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Ó ní, “Ẹ ò sọ fún mi rí, mà.” Ta ló sọ fún èmi náà? Ìwọ nìkan.

Mo wá ní kó lọ sọ fún ọkọ ẹ̀. Ẹ̀rín pa lẹ́nu ẹ̀. Ó ní òun ò lè sọ ọ́. Bàbá Ọláolú, ṣé o mọ̀ pé sìgá ló pa á? Ó wúkọ́ títí ó fi kú, Ọláolú ló ń gbé abọ́ itọ́ ẹ̀ dànù. Ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá náà ló búra pé sìgá ò ní wọ ilé òun láyé. Ìbúra yẹn ni Fẹ̀yìntọlá bá nílé ọkọ. Ó ní òun fẹ́ fi í sílẹ̀ tán, kó di ohun tó ti kọjá, kó má sí ìdí tó fi máa mọ̀ rárá. Ó ní, “Kò sì mọ nǹkan kan, mà. Inú kan ló ń bí i láti ọjọ́ mélòó kan, mi ò mọ ohun tó fà á.”

Ìgbà yẹn ni mo ní láti sọ ti ewúrẹ́.

Ó dìde dúró. Ó ní, “Ẹ sọ fún ọkọ mi pé mo lálè?”

Mo ní, “Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ ni mo sọ.”

“Ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mélòó, Màmá?”

Òógùn bò ó láti orí dé àyà, mo ń wò ó bó ṣe ń ṣàn. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lórí tábìlì. Mo mọ ibi tó ń lọ. Ilé epo wà lójú títì ńlá, wọ́n ń ta sìgá níbẹ̀. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè sáré, àmọ́ mo dé ẹnu ọ̀nà ṣáájú ẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Mo ní, “Tó bá jẹ́ sìgá lo fẹ́ lọ rà, gbé mi dání. Ra méjì. Èmi ni mo fà á, ká jọ mu ún.”

Ó ní, “Màmá, ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.”

“Mo ní ká lọ. Jẹ́ n wọ bàtà. Apá ibo nínú ẹ̀ ni wọ́n ń tiná bọ̀?”

Ó wò mí, ó wo ọmú mi tí mi ò tíì rántí gbé wọlé láti ìgbà yẹn. Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gbá a mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jókòó síbi tó wà, èmi náà jókòó sílẹ̀ tì í, ó gbé orí lé mi nítan, a wà níbẹ̀ títí ooru yẹn fi lọ. Nígbà tó lọ, mo mú orín àtà kan nínú àwọn tí mo kó wá láti ilé, mo fi fún un. Mo ní kó rún un. Ọwọ́ á rí nǹkan dì mú, ẹnu á rí nǹkan ṣe, kíkorò ẹ̀ á sì gba ọkàn ẹ̀. Láti àná, kò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó mú un lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń bi òun pé igi kí nìyí. Tí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ níbí, Alimat, jọ̀ọ́ bá mi di púpọ̀ ránṣẹ́, orín àtà ni o, kì í ṣe èyí tó ń fọ́ sí èèyàn lẹ́nu.

Ó ní òun á sọ fún Ọláolú lónìí. Ó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án yìí, ó wẹ̀, ó wá ń rìn lọ rìn bọ̀ lókè, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí wa. Ọláolú wà níbi ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi Fẹ̀yìntọlá pé kí ló máa kọ́kọ́ sọ, sìgá ni àbí ewúrẹ́. Ó ní òun ò mọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á, ó ní tó bá ti di pé Ọláolú gbọ́ sìgá, á máa rí bàbá ẹ̀ lójú òun. Tó bá sì kó ẹrù ẹ̀ lọ tàbí tó bá mi orí nìkan, òun mọ̀ pé òun á padà sẹ́yìn igi yẹn. Ẹ bá mi fi àdúrà sí i. Bá mi kí Bàbá Basit, kí Qonitah, kí àwọn ará

Dúró. Mọ́tò Ọláolú ló ń wọlé yẹn.

Ọmọ́kẹ́mi ní ṣé ká dáwọ́ dúró, mo ní kó máa kọ ọ́. Fẹ̀yìntọlá ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti jáde lọ bá a, kò wọ ẹ̀wù òtútù. Mo wà lójú fèrèsé. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Fẹ̀yìntọlá ló ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ ọ́. Ó ti fi ìka méjì sétè, bó ṣe ṣe é fún mi. Ọláolú fi ẹ̀yìn ti mọ́tò. Ó ti bo ojú. Alimat, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù ẹ̀, ó fẹ́ gbé e wọ ìyàwó ẹ̀, ìyẹn tì í padà, ooru ti dé sí i. Ó wá gbé e dání, ó dúró tì í bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ nínú ilé.

Ọláolú ti wọlé. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ rí bẹ́ ẹ ṣe ṣe mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mi ò gbọ́ ìwàásù. Àwọn ọkùnrin tó jókòó níwájú ni mò ń wò láti ẹ̀yìn, mò ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kódà mo wo àlùfáà.”

Mo ní, “Bàbá Ànú, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ sìgá tó ń mu yìí ni mo ṣì gbọ́.”

Ó ní, “Ta ni ò mọ̀ pé ó ń mu sìgá?”

Fẹ̀yìntọlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, “Ẹ mọ̀?”

Ó ní, “Ẹni tí bàbá mi tọ́ ni ò ní mọ òórùn sìgá? Mo pariwo mọ́ bàbá mi títí, kò fi í sílẹ̀, èmi ló fi sílẹ̀, ó ń sá fún mi títí ó fi kú. Mo ní mi ò ní pariwo mọ́ ẹ. Mo ní tó bá yá, wàá fi í sílẹ̀, wàá sì sọ fún mi.” Ó yí ojú padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, “Sìgá, mo mọ̀ ọ́n, mà. Ọkùnrin tí ẹ fún un ni mi ò mọ̀.”

Èmi ni tìẹ, tí ẹnu ẹ̀ pa dé lónìí,

Àwẹ̀ró, Ìyá Fẹ̀yìntọlá.